Ẹ Má Tíì Ta Mọ́tò Yín, Bàbá Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màmá mi, mo kí wọn kú ìrọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Mo kí Bùọ̀dá mi àti ìyàwó wọn.

Ara mi le. Òtútù ti dé sí Houston, bẹ́ẹ̀ ooru ni gbogbo èèyàn ń sọ fún mi kí n tó wá. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé lẹ́yìn kíláàsì. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi dáadáa níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń wá ẹni tó máa ra mọ́tò yín, torí àbúrò yín, Bàbá Dámi, ní àwọn ń fi mọ́tò oníná tí mò ń wà ránṣẹ́ sí yín, pé kì í mu epo.

Òótọ́ ni, kì í mu epo. Ṣùgbọ́n ara àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni, bátìrì rẹ̀ sì ti gbó. Láti Katy tí à ń gbé dé ilé-ìwé mi, àlọ nìkan ló lè lọ. Mo gbọ́dọ̀ wá ibi tí màá ti gba iná sí i kí n tó padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pa hítà tó ń mú inú mọ́tò móoru lójú ọ̀nà márosẹ̀ kí iná má baà tán. Eyín mi ń gbá ara wọn. Iná tán náà. Àwọn ọmọ Bàbá Dámi ní, Sístà Dọlá, ṣé mọ́tò yín tún ti sùn ni?

Olùkọ́ wa kan sọ ìdí tí àwọn èèyàn ò fi gba irú mọ́tò yìí nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n gọ̀. Ó wọ́n, kì í rìn jìnnà, ibi tí wọ́n ti lè gba iná sí i ò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé epo wà ní gbogbo oríta. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má kú sójú ọ̀nà. Bó ṣe ń sọ ọ́, Ìpetu ilé wa ni mò ń rò. Níbí tí iná kì í ti í lọ, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé jẹnẹrétọ̀ lẹ máa tàn, kí ẹ máa ra epo, kí mọ́tò tí kì í mu epo lè rìn? Ó lè gbé Màmá dé ilé ìwòsàn ní Ifẹ̀. Kò ní gbé wọn padà.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Dámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ ọdún kìíní yunifásítì, kí n kọ́kọ́ yege ná. Ìyàwó wọn ní kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á níbí, kó kúkú lọ ilé. Tinútinú ni wọ́n fi ń fún yín, mo mọ̀. Ta lèmi tí mò ń jẹun nínú ilé wọn láti ní kí wọ́n má fún ẹ̀gbọ́n wọn? Bóyá èmi ni mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n wà.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó ń fi mọ́tò ránṣẹ́ wá gbé e lọ sí èbúté. Bàbá Dámi ní ká gbọ́wọ́ lé e, wọ́n gbàdúrà pé kó sìn yín pẹ́. Mo gbọ́wọ́ lé e. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmín ni mo ṣe.

Bí Bàbá Dámi bá ka ìwé yìí, kí wọ́n dárí jì mí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á wo ẹsẹ̀ Màmá sàn, á sì jẹ́ kí ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò tó dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Dọlápọ̀