Káàdì Kẹta Ni Mo Mú

Janelle, ọmọ mi àtàtà,

Kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kó bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ níbi tí o ti ń sunkún. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tó ń ṣọ́ oko á máa bá mi ṣọ́ ọ ní Ṣikágò níbẹ̀ yẹn, níbi tí ẹ ń gbé lórí ara yín bí ẹyẹlé. Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Kó máa fi oyin sínú omi gbígbóná. Èmi bàbá rẹ wà, mo ń mí, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà, àti pé ilé yìí ti tóbi jù fún mi látìgbà tí màmá rẹ ti lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìròyìn, o kúkú ti mọ̀.

Ìròyìn ilé ni pé wọ́n ti kórè àgbàdo tán lórí ilẹ̀ wa. Mo ní ilẹ̀ wa, àmọ́ àwọn ọmọ Kucera tí mo yá a fún ló ń dá a. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà mo ń wo ẹ̀rọ ìkórè wọn, ó ga tó ilé, ọmọ tó wà lórí rẹ̀ ò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ̀rọ ń darí ara rẹ̀, òun jókòó sínú gíláàsì ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo juwọ́ sí i, kò rí mi. Skipper ajá wa kì í wá mọ́ tí mo bá pè é, n ò mọ̀ bóyá etí rẹ̀ ló di àbí inú ló ń bí i. Igi ápù màmá rẹ so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka kan ya, mo sì ń wò ó, torí ẹnì kan ṣoṣo ò lè jẹ odindi igi tán.

Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Floyd tó ń pín lẹ́tà ló gbé wọn wọlé fún mi fúnra rẹ̀, kò jù wọ́n sínú àpótí lójú ọ̀nà, torí ó rí orúkọ rẹ lára wọn, ó sì mọ̀ pé mo máa ń retí. Mo ti kà wọ́n. Awò màmá rẹ ni mo fi kà wọ́n, torí ohun tí wọ́n kọ sínú wọn kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. O ní kí n yan káàdì báńkì kan nínú mẹ́ta, èyí tó máa dá owó padà fún mi jù lórí nǹkan tí mo ń rà lójoojúmọ́, oúnjẹ, epo mọ́tò, oògùn ajá, kí a sì pa èyí tó wà lọ́wọ́ mi rẹ́. Mo ti yan. Àmọ́ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe yan, kí o má baà sọ pé bàbá rẹ kàn na ìka sí ọ̀kan.

Nígbà tí o wá bá mi ṣe ọdún Àjíǹde, tí o fún mi ní káàdì tó ní orúkọ èmi pẹ̀lú rẹ, o ní tí mo bá fi ra nǹkan, díẹ̀ nínú owó náà á máa padà wá. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo lọ sí ilé kọfí Rosalie, mo fi san owó ẹyin àti ọ̀dùnkún díndín, mo wá dúró sídìí káńtà. Rosalie ní kí ni mo ń dúró dè. Mo ní owó tó ń padà. Ó ní láti ibo. Mo ní òun ló yẹ kó sọ fún mi, ṣebí òun ni mo san án fún. Rosalie wo ojú mi títí, ó wo àwọn tó tò sẹ́yìn mi, ó bá mú àkàrà òyìnbó kan tí wọ́n fi èso pọ́ọ̀mù sí lójú, ó ní kí n gbà, pé òun náà rèé, kí n lọ jókòó. Fún nǹkan bí oṣù kan, mo rò pé àkàrà ni báńkì fi ń san án.

Ìwọ lo wá là mí lójú pé inú báńkì ni owó náà ń kóra jọ sí. Mo jókòó, mo rò ó bí àgbẹ̀ ṣe ń ro nǹkan. Láyé mi mo ti ra irúgbìn, mo ra ajílẹ̀, mo ra táyà katakata, kò sẹ́ni tó dá sẹ́ńtì kan padà fún mi rí. Tó bá wá jẹ́ pé níná ló ń mú owó padà, a jẹ́ pé ẹni tó bá ná jù ló jèrè jù. Ẹni tó ra kọfí kan á gba díẹ̀, ẹni tó ra mẹ́fà á gbà á lọ́nà mẹ́fà. Bí o bá rí ibi tí ìṣirò yìí ti wọ́, sọ fún mi, Rosalie ti gbìyànjú, n ò gbọ́ ọ yé.

O rántí tábìlì wa nídìí fèrèsé lọ́dọ̀ Rosalie, ibi tí o ti máa ń wá pè mí kí o tó lọ sí ilé ìwé. Láràárọ̀ ni èmi, Delbert, Emil àti àwọn yòókù máa ń mi dáìsì, ọmọ ayò olójú mẹ́fà, nínú ife awọ, ẹni tí dáìsì bá já kulẹ̀ ló máa san owó kọfí gbogbo wa. Delbert ti ń ṣépè fún dáìsì yẹn látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ìyẹn sì ni adùn ayé rẹ̀. Mo dé ọ̀hún láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kí wọ́n gbé ife sílẹ̀, èmi ni n ó san án. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo tún san án. Lọ́jọ́ kẹta Emil kí mi pé o ṣeun, Delbert yí ojú sí fèrèsé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Rosalie ti gbé ife dáìsì sábẹ́ káńtà. Ni Delbert bá bi mí lójú gbogbo ayé pé ṣé mo rò pé òun ò lè ra kọfí mu ni, àbí nítorí pé ọmọ mi ti di èèyàn pàtàkì ní Ṣikágò ni mo ṣe fẹ́ máa bọ́ wọn bí ọmọ òrukàn. Mo ní, Delbert, má bínú, èrè ni mo ń jẹ lórí yín. Mo rò pé ìyẹn á tù ú nínú ni.

Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ilé ẹgbẹ́ alágbàdo ló ti ń mu kọfí báyìí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń da á sínú ife pépà. Emil tẹ̀ lé e torí ojú Emil ò ríran dáadáa mọ́, mọ́tò Delbert ló ń gbé e kiri. Àwọn yòókù náà fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó wá ku èmi nìkan lórí tábìlì ẹni mẹ́fà, kọfí kan ṣoṣo ni mo ń san owó rẹ̀, èrè náà sì ti lọ sílẹ̀. Kí n má purọ́ fún ọ, Janelle, ó dùn mí. Delbert ló dúró tì mí lọ́jọ́ tí mo gbé màmá rẹ níyàwó.

Nígbà tí ilé wá dákẹ́ jù, mo wa mọ́tò kọjá odò lọ sí ìpínlẹ̀ Iowa, níbi tí wọ́n ti ń ta òròmọdìẹ, mo fi káàdì ra páálí kan. Báńkì rò pé olè ni, torí káàdì náà ò sọdá odò rí, wọ́n bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi ọ́ bóyá o mọ̀ sí i. O pè mí. Àwọn òròmọdìẹ ń ké, n ò gbọ́ ohun tí o ń sọ, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. O ní ṣé èmi ni àbí olè. Mo ní èmi ni. O ní kí ni mo fẹ́ fi òròmọdìẹ ṣe. Mo ní kí nǹkan kan lè máa dún nínú ọgbà ni. O wá béèrè ohun tí mo ń jẹ, o béèrè orúnkún mi, o sọ fún mi nípa ọ̀gá yín tuntun tó ń rún yìnyín lẹ́nu nígbà ìpàdé. A sọ̀rọ̀ títí àwọn òròmọdìẹ fi sùn. A ò tíì sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí a ti sin màmá rẹ.

Mo wá mọ iṣẹ́ tí káàdì yìí ń ṣe. Bí mo bá ra ohun tí mo máa ń rà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Bí mo bá ra ohun tí kò bá mi mu, báńkì á sọ fún ọ, ìwọ á pè. Mo lọ ra àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. N ò ní ọkọ̀, o mọ̀. O pè láti inú ìpàdé, o ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Adìẹ ń sùn lórí àjẹ̀ náà báyìí, ó sì wúlò fún wọn gan-an. Lẹ́yìn náà mo ra aṣọ ìwẹ̀ obìnrin, pupa, olódòdó. Ọmọbìnrin tó ń tajà bi mí pé báwo ni ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ṣe sanra tó, mo ní bó bá ṣe wù ú. N ò tíì dé ìdí mọ́tò tí o fi pè. O rẹ́rìn-ín títí o fi ń wúkọ́, Janelle, ẹ̀rín màmá rẹ gan-an ni, mo di fóònù mú, n ò fẹ́ sọ̀rọ̀ kó má baà tán. Aṣọ náà wà lórí ìṣó nínú ilé ìdáná. Floyd rí i, kò bi mí.

Àmọ́ nígbà tí o pè gbẹ̀yìn, o ní ọ̀rọ̀ káàdì yìí ti ń dí ọ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, pé o máa wá èyí tó dára jù, wàá sì ní kí báńkì yéé bi ọ́ léèrè. O ní gbèsè á máa san ara rẹ̀, owó á máa padà fúnra rẹ̀, n ò ní nílò láti dààmú, ìwọ náà ò ní dààmú. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ Kucera yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe jókòó sínú gíláàsì tí ẹ̀rọ ń darí ara rẹ̀, témi ń juwọ́.

Mo kó ìwé náà lọ bá Rosalie. Ó ní èyí àkọ́kọ́ ni kí n mú, iye kan náà ló ń dá padà lórí ohun gbogbo, àgbàlagbà ò ní láti rántí nǹkan kan. Ọlọ́gbọ́n ni Rosalie. Èkejì ń dá púpọ̀ padà lórí oúnjẹ àti epo mọ́tò, àmọ́ àwọn tó ni ín ń gba owó lọ́dọọdún, mo sì ní láti máa jẹun bí ẹni méjì kó tó kájú owó wọn. Ká ní màmá rẹ wà láyé ni, òun ni ǹ bá mú. Ẹ̀kẹta ló ń yí padà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á yan ohun mìíràn tí owó rẹ̀ á máa padà dáadáa, bí ó bá jẹ́ epo mọ́tò nísinsìnyí, ó lè di oúnjẹ ilé kọfí, ó lè di ìṣó àti rọ́bà omi ọgbà, ó sì ní ọjọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti sọ fún wọn pé òun ń bá wọn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí nǹkan kan fún un. Rosalie ní ká má tilẹ̀ wo ìyẹn, wàhálà ni, pé màá gbàgbé.

Òótọ́ ló sọ, màá gbàgbé. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn.

Torí ẹnì kan á ní láti máa pè mí bí ìgbà bá ti yí, kó ní, Bàbá, ó ti di oúnjẹ o, ẹ lọ sọ́dọ̀ Rosalie, tàbí, Bàbá, ìṣó ló kàn, ẹ tún ilé adìẹ ṣe. Àgbẹ̀ ni mí, ohun tó ń bá ìgbà yí yé mi. N ò sì ní kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kan, mo ti ń sọ fún ọ báyìí kí o lè mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni. N ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí o bá fi lé e, n ò ní kọ̀. Jọ̀wọ́, má sì jẹ́ kí báńkì yéé bi ọ́ léèrè nípa mi.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Fi owó pépà ránṣẹ́ sí mi, ogún dọ́là, kó jẹ́ ẹyọ dọ́là kọ̀ọ̀kan, kí o dì í sínú àpòòwé. Báńkì ìlú wa ti kógbá wọlé, ilé onídìrí ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ owó tó wà ní ilé epo sì ń gba owó lọ́wọ́ mi kó tó fún mi ní owó ara mi, n ò sì ní fi ọwọ́ ara mi ṣe irú ìyẹn. Rosalie ti gbà láti yá mi ní ife awọ. Mo fẹ́ gbé e lọ bá Delbert níbi tó ti ń mu kọfí pépà yẹn, kí n mi dáìsì bí èèyàn, kí n já kulẹ̀ bí èèyàn, kí n sì fi owó tí kò ní padà san án. Rosalie ní bí mo bá fi lè pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ léra, Delbert á dárí jì mí.

Ọlọ́run á dá ọ lóhùn, ọmọ mi. Ọ̀nà iṣẹ́ rẹ ò ní dí, ilé rẹ ò ní dákẹ́, o ò ní wẹ̀yìn kí o má rí ẹni tó ń pè ọ́. Mo gbọ́ ohun tí o sọ pé iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí o wá sílé fún ọdún Ìdúpẹ́. Kò burú. Adìẹ kan ni n ó pa, tòlótòló tí gbogbo ayé máa ń jẹ lọ́jọ́ náà ti pọ̀ jù fún ẹnì kan. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, mo máa lọ sí ìlú, mo máa ra bàtà ijó obìnrin. Bí báńkì bá bi ọ́, èmi ni, kì í ṣe olè. Pè mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ladislav