Wọ́n Ní Kí Ẹ Kó Jáde, Bàbá Mi

Bàbá mi, Bàbá Káfíńtà, ọkọ Màámi,

Ọmọ yín obìnrin ló ń kọ̀wé yìí láti inú yàrá wa ní Mushin. Ẹ má bínú pé wàhálà ni mo gbé wá bá yín. Bí ẹnì kan bá kan géètì, màá sáré lọ yọjú lójú fèrèsé.

Wọ́n ti ta ilé. Alhájì onílé ti tẹ̀lé yín lọ sọ́run. Ẹ rántí àdéhùn tí wọ́n bá yín ṣe pé àwọn ò ní lé ayálégbé àtijọ́ kankan, àwọn ò sì ní fowó ilé ni wá lára? Ẹnu lásán lẹ̀yin méjèèjì fi ṣe é, níwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì mú un ṣẹ títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ra ilé lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà fẹ́ wó o, kó fi kọ́ fúláàtì fún olówó. Níbo la ti fẹ́ rí yàrá tí agbára wa ká? Mo ti wá a títí dé Ojúẹlẹ́gbà níbi tí mo ti ń ṣerun fún àwọn oníbàárà. Owó tí wọ́n ń pè, ẹ̀rù ni.

Ajẹ́ńtì onílé tuntun ló wá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wa. Ìyá Ràsákì tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n rí orúkọ yín gàdàgbà lókè ìwé, wọ́n rò pé mo fẹ́ ṣe àdúà ìrántí fún yín ni, ni wọ́n bá ń bi mí bóyá ìrẹsì la máa sè tàbí ẹ̀wà. Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo kà á tán ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ kó jáde, Bàbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó jáde tipẹ́.

Lẹ́yìn ikú yín, Alhájì fúnra wọn ló kọ̀ láti fi orúkọ mi rọ́pò tiyín lórí risíìtì owó ilé. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ ara àwọn pa orúkọ ọ̀rẹ́ àwọn rẹ́. Inú mi dùn nígbà náà, àfi bíi pé ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ta ló mọ̀ pé ìfẹ́ yẹn ló máa wá di ẹ̀gún sí mi lẹ́sẹ̀? Ajẹ́ńtì ní òkú ló gba yàrá yìí, èmi kì í ṣe ayálégbé ẹnikẹ́ni.

Mo wá lọ́yà lọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ bá ní Yaba ò tilẹ̀ ní kí n jókòó kó tó pe owó. Oníbàárà mi kan ló júwe ọ́fíìsì kan ní Surulere, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ mẹ̀kúnnù rò lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin ni wọ́n fún mi, ọmọdé ni lójú mi, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní kóòtù nìkan ló lè ní ká jáde, kì í ṣe ajẹ́ńtì, kì í ṣe tọ́ọ̀gì. Mo ń wo ojú ẹ̀ bóyá màá rí ìdánilójú níbẹ̀, n ò rí i. Kó tó lè bá mi jà á, mo ní láti dúró níwájú adájọ́, kí n búra pé ẹ ti kú, kí wọ́n lè fi orúkọ mi rọ́pò tiyín nínú ẹjọ́ tí onílé tuntun pè.

Ṣé ẹ ò ní bínú? Ìṣó tí ẹ máa ń fi fìlà kọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bútà àlùwàlá yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn tí ẹ máa ń fá nísàlẹ̀ bí òjò bá ti mú kó wú, ó tún ti ń wọ́lẹ̀. Ṣé kí n tún un ṣe, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wó o? Nírọ̀lẹ́ yìí mo gbé irinṣẹ́ yín jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fá a. Mi ò fá a dáadáa tó yín, ṣùgbọ́n ó ń tì.

Ọ̀la ni kóòtù. Wọ́n á pe orúkọ yín, èmi ni màá sì dìde. Màá sọ fún wọn pé ẹ ti kú. Bàbá mi, n ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń ti ilẹ̀kùn yín.