Òfìfo, Àyàfi Àpótí Kan

Ọmọ mi,

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé ojúlé kejì sí wa, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má tún un ṣe, torí èyí tó bá mi kọ lọ́jọ́sí, nígbà tí o kà á tán, ńṣe lo ní ṣé ara mi ò yá ni, tí ọ̀rọ̀ mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Kí ilé yín má gbóná, kí ilẹ̀ má yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ní ti ilẹ̀ yíyọ̀, orúnkún tí mo fi gbalẹ̀ ní balùwẹ̀ ti ń san, má fi dẹ́rù bà mí mọ́. Mo ti gbà pé ká ta ilé, mo sì ti gbà pé mò ń bọ̀ wá bá yín gbé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí n lé gbogbo àwọn tó wá ta ilé náà dànù, ó sì yẹ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó o tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Éjẹ́ǹtì tí o rán ló kọ́kọ́ dé. Tíṣà ní alárinà ni ká máa pè é, mo ní ìyàwó ta ni a fẹ́ fẹ́? Ó fẹ́ fi fóònù ya àwòrán àwọn yàrá, ó ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní ta ní ń ra ilé láìmọ ojú onílé? Mo wọ aṣọ àtàtà mi, mo jókòó sí pálọ̀, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo dúró sí ilé ìdáná. Ti balùwẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún un, torí èmi àti balùwẹ̀ yẹn ò tíì parí ìjà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki ilé. Ibi tí òrùlé ti ń jò, ó ní afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Ilé ìdáná tí ẹni méjì ò lè yíra padà nínú rẹ̀, ó ní ó dára fún ìdílé tó fẹ́ràn ara wọn. Bàbá rẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà ò gbọ́ irú oríkì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí kó tó lọ.

Ẹnìkan tún dé, wọ́n ní iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó yẹ ilé wò kí olùrà má bàa fowó ra àìsàn. Ó ń fi ìka kan ògiri bí dókítà ṣe ń kan àyà, ó gun àjà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ilé ti ń darúgbó. Mo ní kó tẹ́tí sí orúnkún mi, kó kọ òun náà mọ́ ọn. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fi wíwá ẹ̀bi jẹun, ibo ló ti fẹ́ rẹ́rìn-ín?

Lọ́yà ló wá da ilé rú. Òun àti obìnrin tó fẹ́ ra ilé ni wọ́n jọ wá, oyún obìnrin náà ti sọ̀. Tíṣà jókòó ṣe ẹlẹ́rìí mi. Wọ́n ti fi yíǹkì kun àtàǹpàkò mi kí lọ́yà tó kà á pé lọ́jọ́ tí mo bá fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, òfìfo ni mo gbọ́dọ̀ fi ilé lé wọn lọ́wọ́. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn lójú aboyún? Òfìfo, òfo, òfò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí ni mo ti ń gbàdúrà kó má ṣófo, ṣé èmi náà ni màá wá tẹ̀ka sí i? Lọ́yà ní kò túmọ̀ sí nǹkan kan ju pé kí n kó ẹrù mi. Mo ní bí kò bá túmọ̀ sí nǹkan kan, kó pa á rẹ́. Ó ní òfin ò jẹ́ kóun pa á rẹ́. Mo ní àtàǹpàkò mi náà ní òfin tirẹ̀.

Éjẹ́ǹtì ti ń làágùn. Ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má bá olùrà sọ̀rọ̀, kí n gba ẹnu òun sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ bí ojú bá ti mọ ojú, ṣebí alárinà á yẹ̀bá. Mo kọjú sí obìnrin náà, mo ní ìyá ọmọ, ṣé òfìfo lo fẹ́? Ó ní rárá, mà. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti rí àwòrán wọ̀nyẹn lòun ti ń bi ọkọ òun bóyá ìyá náà wà lára ohun tí wọ́n ń tà. Ó ní ilé tóun ti rí pọ̀, ṣùgbọ́n èyí nìkan lòun ti rí i pé èèyàn lè dàgbà síbẹ̀ kí ojú rẹ̀ má sì bà jẹ́. Tíṣà fẹ́ kọ ọ́ pé mo sunkún. Mi ò sunkún.

Mo dìde, mo lọ gbé àpótí ìjókòó wá láti ẹ̀yìnkùlé, èyí tí bàbá rẹ kàn, tí mo máa ń jókòó lé tí mo bá na ẹsẹ̀ láti wẹ̀ yín. Mo sọ fún obìnrin náà pé kò sí èyí tó rẹlẹ̀ tó o fún ẹni tó gbé ọmọ tuntun sẹ́sẹ̀. Mo gbé e sáàárín pálọ̀, mo ní ibẹ̀ ni wọn ó bá a. Lọ́yà ní irú ẹ̀ ò sí nínú ìwé. Obìnrin náà ní kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó kọ ọ́: òfìfo, àyàfi àpótí kan. Ìgbà yẹn ni mo tẹ̀ka.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó o fi ti bàtà tí kì í yọ̀ kún un, torí mi ò mọ irú ẹni tí balùwẹ̀ yín jẹ́. Tíṣà ni kó o fi ránṣẹ́ sí, má fi í sí báńkì mi. Ẹ̀rọ wọn tún bi mí ní nọ́ńbà àṣírí, mo ní bó bá jẹ́ àṣírí, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ibi tó o bá fẹ̀yìn tì ò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ, àwọn ọmọ rẹ náà á ní kó o máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, o ò sì ní ṣagídí tó tèmi kó o tó gbà.

Sọ fún àbúrò rẹ ọkùnrin pé a ti ta ilé, kó má lọ gbọ́ ọ níta. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ àbíkẹ́yìn tí yàrá rẹ̀ fẹ́ di tèmi ló kàn. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún un, má rán ọkọ rẹ. Ní kó kó ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kó o tán. Ohun tó bá wù ú ni kó fi sílẹ̀ dè mí.