Omi Àlejò Tí Wòlé-Wòlé Mu Tán

Ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ láàárọ̀, kú àárọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni, kú ọ̀sán. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà tí o ń tibi iṣẹ́ bọ̀ tí ó ti rẹ̀ ọ́, kú iṣẹ́, kú ìrìn, kú ìfaradà ìlú ńlá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Oúnjẹ tí o bá jẹ yóò sì máa dúró sí ọ lára. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ àdúrà tó kẹ́yìn yẹn, nítorí ó rí àwòrán rẹ lórí fóònù, ó ní ọrùn rẹ ti gùn. Mo ní ọrùn ọmọ náà ti gùn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, pé ìdílé tirẹ̀ ló ti gbé e wá. Ó ní kí n gbájú mọ́ ohun tí mò ń kọ.

Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń ké bí mo bá fẹ́ dìde. Ìyá rẹ ń bẹ, ẹnu rẹ̀ náà ń bẹ. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́ láti ìgbà tí mo ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n òjò náà kò tíì rọ̀ láti ìgbà yẹn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò, ó sì gùn díẹ̀, nítorí náà wá ibi jókòó sí.

O rántí pé gbogbo àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣáájú ìwọ̀nyí ló kú. Bí a ṣe gba ọmú lẹ́nu wọn báyìí ni ikùn wọn dàrú, wọ́n ń ṣu omi, wọ́n ń gbẹ, títí tí kò fi ku ẹyọ kan. Ìyá rẹ ló sin wọ́n. Ọjọ́ tó sin èyí tó kẹ́yìn ló ju ọkọ́ sílẹ̀, tó ní bí àwọn tó ń bọ̀ bá tún ṣe báyìí, òun yóò ta ìyá wọn, òun yóò wó ilé ẹlẹ́dẹ̀, òun yóò sì kó tọ̀ ọ́ wá sí ìlú ńlá pátápátá, kí òun má tún sin nǹkan kan mọ́ láyé òun. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mo ní ẹ̀dùn ọkàn ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gba ọmú lẹ́nu àwọn mẹ́sàn-án ti ìsinsìnyí, tí èyí tó kéré jù, èyí tí ìyá rẹ ń pè ní Ọ̀gá, tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣu omi, mo rí i tí ìyá rẹ gbójú sókè wo àpótí aṣọ rẹ̀ tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi. Ọmọ mi, màá sọ òótọ́ fún ọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóófù yẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló le jù. Bí ìyá rẹ bá lọ, ta ni yóò máa bá mi jà?

Ìdí nìyẹn tí a fi pè ọ́ kíákíá, nígbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ẹran ọ̀sìn ni o wà. O sì ṣe dáadáa, o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo kí ohùn náà, kò dáhùn, ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Mo bi í bóyá o ti jẹun, kò dáhùn. Mo ní ó dáa, ìlú ńlá ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ni o sọ, bí o ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, o ò pariwo, o ò sọ pé ṣé baba ò gbọ́ nígbà àkọ́kọ́ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, o ń tún un sọ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé sùúrù ọmọ yìí ti pọ̀ sí i, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà nílé.

Ohun tí o wá bèèrè nínú ohùn náà ni àwòrán ìgbẹ́ àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Mo jókòó. A rán ọmọ lọ sí yunifásítì, ó jáde tán, ó ní kí a ya fọ́tò ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ bá bèèrè, baba á wá a. Mo rò ó pé àwọn ọ̀gá rẹ yóò wò ó, wọn á máa sọ pé irú ilé wo ni ọmọbìnrin yìí ti wá. Nítorí náà mi ò ya ti àwọn tó ń ṣàìsàn, ó ń dójú tini. Mo gbálẹ̀, mo wá èyí tó dára jù, ti ìyá wọn, ó le, ó dúdú, ó ń dán, mo gbé e sórí ewé tútù, mo yà á. O fèsì pé ìgbẹ́ yìí dára púpọ̀, pé kí ni a wá ń sunkún sí. Inú mi dùn! Ìyá rẹ wo fọ́tò, ó wo mí, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, òun ló lọ ya ti Ọ̀gá bó ṣe wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Èyí tí kò lẹ́wà yẹn ni o rí tí o fi ké.

O ní wàrà ìyá wọn nìkan ni ikùn wọn mọ̀, pé bí a ṣe fún wọn ní oúnjẹ líle lójijì, àwọn kòkòrò burúkú tí ojú ò rí ti ráyè wọlé. O ní o máa fi àwọn kòkòrò rere ránṣẹ́ nínú ìyẹ̀fun, pé wọ́n wà láàyè, wọn yóò gba gbogbo àyè inú ikùn, àwọn burúkú ò sì ní rí ibi jókòó. Èyí yé mi dáadáa. Bí onílé bá ti kó ayálégbé rere kún yàrá, ibo ni jàgùdà fẹ́ gbà? O tún ní o máa fi ìgò omi kíkan kan sí i, pé díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa kán an sínú omi mímu wọn, torí àwọn burúkú kò fẹ́ràn ibi tó bá kan. Ìyẹ̀fun, inú oúnjẹ. Omi kíkan, inú omi mímu. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dúró sí mi lọ́kàn jù ni pé wọ́n wà láàyè.

Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní gáréèjì ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé ẹrù dé láìséwu, mo ní kò burú, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé ọ̀rá ìyẹ̀fun kìíní sétí, mo gbé èkejì sétí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ fún akọ̀wé pé ọ̀rá nìkan ni mo lè fọwọ́ sí, pé ti ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀, mi ò lè jẹ́rìí. Ó ní baba, èrò pọ̀ lẹ́yìn yín. Mo fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n tìkọ̀tìkọ̀ ni.

Wàyí o, ìwọ náà rò ó. Wọ́n rin ìrìn àjò láti ìlú ńlá, nínú ọ̀rá, nínú òkùnkùn, lábẹ́ ẹrù ẹlẹ́rù, nínú ooru. Wọ́n dé ilé mi. Ṣé kí n wá sọ pé ẹ má jókòó, ẹ bọ́ sínú ikùn ẹlẹ́dẹ̀, ẹ lọ ṣiṣẹ́? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé omi ni a kọ́kọ́ ń fún àlejò kí a tó bi í ní ohun tó gbé e wá. Mo bu omi tútù sínú jọ́ọ̀gì tí a fi ń gbàlejò, mo da ọ̀rá kan sí i kí wọ́n fi pa òǹgbẹ, mo bò ó, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ níbi tí oòrùn ò dé, mo ní kí wọ́n sinmi, pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ màá kó wọn lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rá kejì, mo jẹ́ kí àwọn yẹn ṣì sùn. Mo wá lọ gbálẹ̀ ilé ẹlẹ́dẹ̀ dè wọ́n.

Ibẹ̀ ni mo wà tí wòlé-wòlé fi dé. Tuntun ni, o ò mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n ní kó máa mójú tó ìmọ́tótó gbogbo àdúgbò. Aṣọ rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ń kùn ròròrò, kó sì tó bèèrè ilé ẹlẹ́dẹ̀ ló ti bèèrè ilé ìyàgbẹ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ikùn yẹn kì í jẹ́ kó pẹ́ nílé ẹnikẹ́ni, àánú Ọlọ́run sì nìyẹn fún wa. Ó ní àwọn ará ilé kejì wá fẹjọ́ sùn pé ilé ẹlẹ́dẹ̀ wa ń rùn. Wọn ò parọ́. Ìgbẹ́ omi yẹn, òórùn rẹ̀ ń lọ kí ènìyàn nílé. Ó ní òun máa padà wá, pé bí òórùn náà bá ṣì wà, òun máa fi ágádágodo tì í pa, kí a wá ibi kó wọn lọ. Ìyá rẹ kàn gbójú wo ọ̀nà yàrá, níbi tí àpótí rẹ̀ wà.

Kí n tó ṣan ọwọ́ kí n wọ pálọ̀, oòrùn ti pa ọkùnrin náà, ìyá rẹ sì ti ṣe ohun tí wọ́n kọ́ òun náà láti kékeré. Ó ti gbé omi fún àlejò. Omi wo ló sì rí tó tutù, tí wọ́n bò, tó wà nínú jọ́ọ̀gì àlejò? Wòlé-wòlé mu ife kan, ó ní omi yìí dùn o. Ó mu èkejì. Lẹ́yìn náà ó gbé ife sílẹ̀, ó gbé jọ́ọ̀gì sẹ́nu. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo la ẹnu sílẹ̀, mo ń wo gògóńgò rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, gbogbo àwọn àlejò mi ń sọ̀kalẹ̀ lọ pátá.

Ó dúpẹ́, ó lọ. Mo sọ fún ìyá rẹ. Ó káwọ́ lérí, ó ní kí ló dé tí mo da oògùn ẹlẹ́dẹ̀ sínú jọ́ọ̀gì ènìyàn; mo ní kí ló dé tó gbé omi àlejò fún àlejò. A jà á títí, a ò rí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ̀rù sì bà mí, torí òṣìṣẹ́ ìjọba ni, bí nǹkan bá ṣe é ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì mo lọ yọjú ní ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni tó kàn ń kọjá. Ó jókòó. Mo yípo padà. Ó ṣì jókòó. Àwọn tó ń tajà níwájú ọ́fíìsì ní ó ti jókòó látàárọ̀, pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Ọ̀rá kejì, ìyá rẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ọ dé òpin, kò bá ohùn rẹ jiyàn bí èmi ṣe máa ń ṣe. Ó fọ ọpọ́n àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ó mú ṣíbí kékeré tí o fi sínú ẹrù, ṣíbí tí mo ti fi ń ro tíì, ó fi wọn ìyẹ̀fun náà, ó pò ó mọ́ oúnjẹ, ó kán omi kíkan sínú omi mímu wọn, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo tọ́ omi náà wò, mo ní àwọn ọmọ yìí ò ní mu ún. Wọ́n mu ún. Ọ̀gá nìkan ni kò fẹ́ jẹun. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìyá rẹ kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ìka tọ́ oúnjẹ sí i lẹ́nu, kò bú mi, kò bú ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi, àyà mi já. Mo wọ yàrá lọ, mo gbé àpótí rẹ̀ kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sẹ́yìn àwọn bàtà mi àtijọ́.

Nígbà tó yá, ìgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí ki. Ó ki, ó tún ki, ó wá dúró. Mi ò mọ̀ pé inú ènìyàn lè dùn sí ìgbẹ́ tó báyìí. Ọ̀gá dìde, ó kó sínú ọpọ́n oúnjẹ tẹsẹ̀tẹsẹ̀, ó ń ti àwọn tó jù ú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, mẹ́sàn-án náà ló sì ń sáré. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wo olè. Mo ti ń we díẹ̀ nínú ìgbẹ́ náà kí n fi sínú àpò lẹ́tà yìí, kí o lè fi ojú ara rẹ rí i, torí fọ́tò lè tanni jẹ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Wòlé-wòlé padà dé lóòótọ́, tòun ti ìwé, tòun ti ágádágodo. Ó gbé imú sókè, ó rìn yíká, òórùn náà ti lọ sílẹ̀. Kò bèèrè ilé ìyàgbẹ́. Ó wọ pálọ̀, ó jókòó, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní kí ìyá rẹ jọ̀ọ́ fún òun nínú omi ọjọ́sí, pé láti ọjọ́ náà ni ikùn òun ti dákẹ́, kànga wo la ti ń pọn ọ́n. Mo ṣẹ́jú sí ìyá rẹ. Ìyá rẹ tí kò mọ irọ́ pa! Ó ní ẹ má bínú, ọ̀gá, oògùn ikùn àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹ mu. Ọkùnrin náà wo ikùn ara rẹ̀, ó wo ilé ẹlẹ́dẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó wá bèèrè bóyá ikùn tiwọn náà ti dáa. Ìyá rẹ ní ó ti dáa. Ó bèèrè iye wọn. Ìyá rẹ ní mẹ́sàn-án. Ó ká ìwé rẹ̀, ó ti ágádágodo bọ àpò, ó dìde. Ìgbà tí mo sìn ín dé ìta ló rọra sọ sí mi létí pé bí ọmọ wa bá tún fi òmíràn ránṣẹ́, kí a jọ̀ọ́ ka òun mọ́ wọn. Ọmọ mi, bí oògùn yìí kò bá yẹ fún ènìyàn, kọ ọ́ sínú ìwé kí o sì lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ yín sí i, torí mi ò lè fẹnu ara mi sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba pé kó má bá ẹlẹ́dẹ̀ pín oògùn mọ́.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí ìyá rẹ fi wọlé, tó ní kí n yára parí lẹ́tà, pé òun ló máa mú un lọ. Mo ní lọ síbo? Ó ní sọ́dọ̀ rẹ, lọ́la. Mo ní àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ò kúkú kú! Mo ní ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé bí wọ́n bá kú lo máa lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ká ní wọ́n kú ni, òun ì bá lọ máa gbé ibẹ̀. Nígbà tí wọn ò kú, ọkàn òun balẹ̀ láti fi wọ́n sílẹ̀, òun ń lọ wo ọrùn ọmọ òun. Ó ní òun fúnra òun ni yóò sì gba oògùn tó kàn lọ́wọ́ rẹ, torí bí mo bá tún lọ gbà á tí mo tún ṣe é lálejò, òun ò mọ ẹni tó máa mu ún. Mo bèèrè ìgbà tó máa padà. Ó ní nígbà tí ọrùn náà bá kúrú.

Nítorí náà, ẹni tó fún ọ ní lẹ́tà yìí ni mò ń sọ o. Má wò ó lójú báyìí, yóò fura. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bó bá bèèrè ohun tí mo kọ, ní mo kí ọ ni. Má gbé àga tó rọ̀ fún un. Jẹun níwájú rẹ̀, jẹun gan-an. Bó bá bi ọ́ bóyá o rò pé baba lè po oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi orí, kí o má sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, owó ọkọ̀ àbọ̀ ìyá rẹ ni, fún un lọ́jọ́ tó bá ti dé kó lè máa rí i. Bí nǹkan díẹ̀ bá ṣẹ́kù, fi ránṣẹ́ sí èmi náà, mi ò ní kọ̀ ọ́.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí ikùn wọn balẹ̀ yóò jẹ́ kí ọkàn tìrẹ náà balẹ̀. Bí o ṣe wà lókèèrè tí o gba ẹ̀mí là nílé baba rẹ, o ò ní wá olùrànlọ́wọ́ tì níbikíbi. Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, wàá sì dàgbà ju èmi àti ìyá rẹ lọ.

Ìyá rẹ ló ń pariwo nínú yàrá báyìí, ó ń wá ìborùn tó fẹ́ wọ̀ lọ́la, ó ní ta ló gbé e. Èmi ni mo jókòó lé e. Màá dìde tó bá yá. Jẹ́ kó kọ́kọ́ pariwo díẹ̀ sí i.

Èmi ni,
Baba rẹ.