Orúnkún Mi àti Ibojì Méje Inú Igbó Bostall

Thamesmead,
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹta, 2014.

Moráyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ìyèbíyè tó ń hu eyín. Ọlọ́run tó fi eyín sí i lẹ́nu á jẹ́ kó fi jẹun pẹ́. Ara èmi náà le, àfi orúnkún, bẹ́ẹ̀ torí orúnkún yẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé.

O ní tó bá tún wú, o máa wá kó mi lọ sí Manchester kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ yín. Ó ti wú o, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igbó ló fà á, àìmọ̀kan ìyá rẹ ni. Jẹ́ kí n rò ó, má tíì háyà ọkọ̀.

Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, igbó Bostall ni ayọ̀ mi. Ogún ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ títi arúgbó kiri lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ẹsẹ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di tèmi ni. Wákàtí mẹ́ta ni mo máa ń rìn, tí màá máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹyẹ. Fóònù tó ń ka ìṣísẹ̀ tí o rà fún mi, abẹ́ ìrọ̀rí ni mò ń fi í sí, kó má baà lọ ròyìn mi fún ọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ibojì. Méje ni mo kà. Àwọn Òyìnbó ṣe bẹ́ǹṣì lé wọn lórí, wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn, wọ́n kọ orúkọ òkú sí i. Ti orí òkè, Michael ló ń jẹ́, wọ́n ní ó fẹ́ràn ibí yìí púpọ̀. Mo ní, ẹ ò rí i, wọn ò ní àgbàlá tí wọ́n máa sin ín sí, wọ́n bá gbé e wá síbi tó fẹ́ràn. O mọ bí a ṣe ń bọ́ bàtà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ní ibi tí òkú sùn sí náà ò kéré. Ni mo bá ń bọ́ bàtà nínú ẹrẹ̀, mò ń kúnlẹ̀, mò ń gbàdúrà fún olóògbé, mò ń dìde, láìjókòó rárá. Ẹ̀ẹ̀meje! Orúnkún wo ni ò ní wú?

Lọ́jọ́ Túsìdeé, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Michael nígbà tí ìyá Òyìnbó kan tó fa ajá lọ́wọ́ dé, ó sì jókòó gbàgà lé e lórí, ó ṣí fúláàsì tíì rẹ̀. Mo pariwo pé Màdáámù, ẹ dìde, èèyàn wà lábẹ́ yín! Ó fò dìde, ó bẹ abẹ́ bẹ́ǹṣì wò, ajá náà bẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi mí pé ta ni. Mo ní Michael ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó yá omi yẹn di ẹkún gidi. Patricia lorúkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni Michael. Ó ní wọ́n ti sun òkú rẹ̀, eérú rẹ̀ wà nílé lọ́dọ̀ òun, bẹ́ǹṣì lásán nìyí, kí èèyàn lè jókòó rántí rẹ̀. Ó ní láti ọdún márùn-ún, èmi nìkan ni àlejò tó kí i lórúkọ. Ó bu tíì fún mi, ó ní kí n jókòó. Ìdí kan ni mo kọ́kọ́ gbé lé e, mo wò ó bóyá nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀, kí n tó gbé ìkejì sí i.

Báyìí, méjèèje ni mò ń jókòó sí, wíwú orúnkún sì ti ń lọ sílẹ̀.

Jọ̀ọ́, má wá kó mi. Owó ọkọ̀ yẹn, fi ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà tí omi kì í wọ̀, èyí tí mo rà ní ọjà Beresford Square ti lanu. Gbé ọmọ wá ní Sátidé kí a jọ rìn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà dàgbà débi tí o ó fi máa rìn kiri láìnídìí, tí ọmọ rẹ á sì máa bínú sí ọ.

Ìyá rẹ,
Keziah.