Bọ́tìnì Funfun Nínú Àpò Ọmọ: Ìgbésí Ayé Èyítáyọ̀ Afọlábí (1951–2025)

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 2025, Èyítáyọ̀ Afọlábí ń ka oògùn sínú ike ní pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Oògùn ọmọ ọlọ́mọ ni. Ìyá ọmọ náà fẹ́ mọ̀ bóyá yóò pé ọgbọ̀n, tí í ṣe ti oṣù kan. Èyítáyọ̀ a máa kà sókè kí ó má baà ṣì í. Ó ka méjìlélógún. A kò gbọ́ mẹ́tàlélógún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ti gbé orí lé tábìlì. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí ó pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Ọkọ rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí ní orúkọ ẹbí. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ “ó” níbi tí àwọn ọmọ ìbá ti kọ “wọ́n”.

A bí i ní Òmù-Èkìtì ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1951, sí ìdílé Ọládèjì. Jùwọ́nlọ Ọládèjì, àgbẹ̀ kòkó, ni bàbá rẹ̀. Adéọlá, tí ó ń ta gààrí, ni ìyá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Àbúrò tí ó tẹ̀ lé e, Adéwálé, ní wárápá.

Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òmù ní ọdún 1957. Adéwálé tẹ̀ lé e lọ ní ọdún 1960. Ní oṣù kẹta tí ó wọlé, wárápá gbé e ní kíláàsì. Wọ́n dá a padà sílé, wọn kò sì gbà á mọ́. Ó ń dá lọ sódò. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1963, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Èyítáyọ̀ kì í sábà sọ ọ́.

Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì jáde ní ọdún 1974. Ní oṣù kejìlá ọdún 1976, ó fẹ́ Ọbáfẹ́mi Afọlábí, káfíńtà, ní ìlú Ìkọ̀lé. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú aláboyún fún ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún 1987, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Ìkọ̀lé láti máa tọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí ó débẹ̀, ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni wọ́n ń ti gbogbo oògùn àwọn ọmọ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà lọ sí ìpàdé ní Adó, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Ikọ́ fée mú ọmọ kan. Èyítáyọ̀ fi òkúta fọ́ àgádágodo. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní, “Sà, àgádágodo tuntun wà lọ́jà.” Láti ọjọ́ náà, oògùn ikọ́ fée tí a ń fà sẹ́nu kò kúrò lápò ọmọ tí ó ni ín mọ́.

Fún oògùn ìyókù, ọkọ rẹ̀ fi igi ìrókò kan àpótí oníyàrá méjìlá. Nọ́ńbà ni ó wà lára yàrá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orúkọ. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń wádìí ìdílé kí a tó fẹ́ ọmọ wọn. Ìyá kò ní fẹ́ kí a rí orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ lára oògùn wárápá. Nítorí náà ni àwọn ìyá ṣe ń fi àìsàn náà pamọ́, tí ọmọ sì ń ṣubú. Nígbà tí wọ́n rí i pé nọ́ńbà ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn wá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, Bísí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ṣubú níbi tí wọ́n tò sí lówùúrọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ sá, olùkọ́ sá. Ẹnì kan gbé ṣíbí wá láti fi ya ẹnu rẹ̀. Èyítáyọ̀ gba ṣíbí náà, ó jù ú nù. Ó yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́, ó fi gèlè rẹ̀ tì í lórí, ó sì ń wo aago títí ó fi jí.

Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pèpàdé. Wọ́n ní kí Bísí máa lọ, kí ó má kó o ran ọmọ wọn. Èyítáyọ̀ dìde, ó sọ ti Adéwálé fún wọn. Lẹ́yìn náà ó ní, “Itọ́ ọmọ yìí ti kàn mí lọ́wọ́. Ẹ fún wa ní ọdún kan. Bí ó bá ran èmi, ẹ lé àwa méjèèjì.” Wọ́n gbà.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni Bísí ń gbé. Èkó ni àwọn òbí rẹ̀ wà. Ìyá àgbà a máa lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ mìíràn, wọn kò sì mọ̀wé kọ. Èyítáyọ̀ ní, bí wọ́n bá ti fún ọmọ ní oògùn nílé, kí wọ́n fi hóró àgbàdo kan sí i lápò. Bí kò bá sí àgbàdo, òun yóò fún un. Ètò náà ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ebi pa Bísí lọ́nà, ó jẹ àgbàdo náà. Èyítáyọ̀ wo àpò, ó ṣófo, ó fún un ní oògùn lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà sùn, kò ṣeé jí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Ọjọ́ kejì ni ó tó la ojú.

Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé òun ni ó fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún dókítà, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Wọ́n tún pèpàdé. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ parí, kí òun àti ọmọ náà máa lọ. Ìyá àgbà dìde, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ta ní í fi àgbàdo rán ọmọ tí ebi ń pa?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà dúró títí ẹ̀rín fi tán, wọ́n ní, “Ẹni tó bá lè jẹ́wọ́ nìkan ni n ó gbé ọmọ mi fún. Ẹ jókòó.” Wọ́n jókòó.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Èyítáyọ̀ já bọ́tìnì funfun mẹ́ta kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. Kò tọrọ wọn. Bọ́tìnì ni Bísí ń mú lọ títí ó fi jáde ní ọdún 2005. Wárápá kò ran ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ ni Bísí ní Igbole-Èkìtì lónìí.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Èyítáyọ̀, ọmọ Ẹgbẹ́ Ìyá sì ni. Ní ọdún 2009, lẹ́yìn ìsọjí kan, àwọn ìyá mẹ́ta wá kó oògùn ọmọ wọn, wọ́n ní Ọlọ́run ti wò wọ́n sàn. Kò bá wọn jiyàn. Ó ní, “Àmín. Ẹ jẹ́ kí dókítà náà rí i, kí ó lè yin Ọlọ́run.” Wọ́n fi oògùn náà sílẹ̀.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2011, ó sì fi àpótí náà lé ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́. Àpótí náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ìyá kò yé wá sílé.

Ọkọ rẹ̀, Ọbáfẹ́mi, wà láyé. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sì wà láyé: Dèjì ní Ìbàdàn, Ẹ̀bùn tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú ọba, àti Ìbùkúnolúwa ní Ìdó-Èkìtì. Àwọn ọmọ-ọmọ jẹ́ méje.

Èyítáyọ̀, o ṣe é dáadáa. Kí ilẹ̀ tù ọ́ lára. Sinmi.

Oògùn mẹ́jọ ni ó kù lórí tábìlì. Ọkọ rẹ̀ kà wọ́n mọ́ ti inú ike. Ó pé ọgbọ̀n. Ìyá ọmọ náà ti wá gbà á.