Ọmọ Tí Kò Dọjọ́ Ìsọmọlórúkọ

Bàbá mi àtàtà,

Láti ìgbà tí ẹ ti papò dà, mọ́tò kì í gba apá òsì mọ́, apá ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sọdá títì ní Fìdítì. Ẹ̀yin ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́la.

Èmi ni wọ́n fi sórí àga yín nílé ìgbẹ̀bí. Èmi ni mò ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé báyìí. Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe máa ń bínú tí ẹ bá pẹ́ níbi iṣẹ́, tí ọbẹ̀ yín á ti tutù? Mo rò pé ẹ fẹ́ràn kálàmù jù wá lọ ni. Mi ò mọ nǹkan kan, Bàbá.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan tó ti ń hewú wá láti Akínmọ̀rìn. Wọ́n pè é ní àgàn lójú gbogbo ayé níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ó ní òun bí ọmọ kan lọ́dọ̀ wa, kò kàn dọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lórúkọ, èmi a sì máa fò wọ́n nínú ìwé. Ojú ló tì mí tí mo fi gbé ìwé yín àtijọ́ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ti kọ ọ́! Ọmọbìnrin. Kò tíì lórúkọ. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ó lo ọjọ́ márùn-ún. Irun orí rẹ̀ pọ̀.

Ta ló ní kí ẹ béèrè? Báwo lẹ ṣe jókòó ti ẹni tọ́mọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ lọ́wọ́, tí ẹ ní kó sọ bí irun ọmọ ṣe rí?

Kò mọ̀wé. Ó fi ìka lé ibẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.” Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á. Mo dà á kọ sórí bébà, mo lu òǹtẹ̀ sí i, ó so ó mọ́ etí ìró, ó gba ilé ọkọ rẹ̀ lọ.

Bàbá, mẹ́rin ni èmi fò. Lánàá, mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọn ní Ìlọrà. Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó gbé àpótí ìjókòó fún mi. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń retí ẹni tó máa béèrè.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yín.